Ìnípọn adọ́gba búlọ́ọ̀kù kọnkéré

Ìnípọn adọ́gba búlọ́ọ̀kù kọnkéré jẹ́ òṣùwọ̀n tí àwọn ẹnjiníà àti àwọn ayàwòrán ilé ń lò láti mọ iye wákàtí tí ògiri tí a fi búlọ́ọ̀kù oníhò mọ lè fi dènà iná kí ooru rẹ̀ tó kọjá sí ẹ̀yìn. Ó jẹ́ ìnípọn tí búlọ́ọ̀kù náà ìbá ní ká ní a lè kó gbogbo kọnkéré ara rẹ̀ jọ, kí a sì tún un dà sí gígùn àti gíga kan náà láìsí ihò kankan nínú rẹ̀.

Òṣùwọ̀n yìí ṣe pàtàkì nítorí pé ojú kò lè rí inú búlọ́ọ̀kù mọ́ nígbà tí a bá ti mọ ògiri tán. Ògiri méjì lè nípọn bákan náà lójú ẹni tí ó dúró níwájú wọn, síbẹ̀ kí ọ̀kan dènà iná fún wákàtí mẹ́ta, kí èkejì má sì pé wákàtí méjì. Ohun méjì ni ó ń fa ìyàtọ̀ náà: iye kọnkéré tí ó wà nínú búlọ́ọ̀kù gan-an, àti irú òkúta tí a fi po kọnkéré náà. Ògiri tí ó yí àtẹ̀gùn ìsálà ká, tàbí èyí tí ó pààlà sáàárín ilé méjì tí ènìyàn ń sùn sí, gbọ́dọ̀ dúró títí àwọn tí ó wà nínú ilé yóò fi jáde tí àwọn panápaná yóò sì fi dé. Ẹni tí ó bá ṣi ìnípọn rẹ̀ wọ̀n ń fi àkókò tí kò sí ṣe ìlérí fún wọn.

Orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni ìlànà ìṣirò yìí ti gbilẹ̀. Ó wà nínú òṣùwọ̀n ACI 216.1/TMS 0216, tí American Concrete Institute àti The Masonry Society jọ gbé jáde, ó sì wà ní Orí 7 nínú International Building Code, òfin ilé kíkọ́ tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìpínlẹ̀ àti ìlú ní Amẹ́ríkà ń tẹ̀ lé.

## Ìtàn

Ní ọdún 1900 ni Harmon S. Palmer gba ìwé-àṣẹ àtinúdá lórí ẹ̀rọ kan tí ó ń ṣe búlọ́ọ̀kù kọnkéré oníhò ní Amẹ́ríkà. Ihò inú rẹ̀ mú kí búlọ́ọ̀kù fúyẹ́, ó dín sìmẹ́ǹtì kù, ó sì jẹ́ kí òṣìṣẹ́ lè gbé e. Láàárín àkókò kan náà, iná ńlá ń jó àwọn ìlú Amẹ́ríkà. Iná Baltimore ti oṣù Kejì ọdún 1904 jó ilé tí ó ju 1,500 lọ, iná tí ó sì tẹ̀ lé ìmìtìtì ilẹ̀ San Francisco ní ọdún 1906 pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ àdúgbò run. Àwọn àjálù wọ̀nyí fi hàn pé kò tó kí oníṣòwò sọ pé ọjà òun kì í jóná. Ó yẹ kí gbogbo ohun èlò gba inú ìdánwò kan náà kọjá.

Ní ọdún 1918 ni ASTM gba òṣùwọ̀n ìdánwò tí a mọ̀ sí E119 lónìí. Ní ọdún 1928, Simon Ingberg ti National Bureau of Standards tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde. Ó ti jó àwọn yàrá tí a kó àga, tábìlì àti ìwé sí, kí ó lè mọ bí iná inú ilé gidi ṣe ń le tó ní ìfiwéra pẹ̀lú iná inú ìléru. Ní ọdún 1934, Carl Menzel ti Portland Cement Association gbé ìwádìí jáde lórí ìfaradà iná àti agbára àwọn ògiri búlọ́ọ̀kù kọnkéré. Ní ọdún 1942, National Bureau of Standards tẹ ìwé BMS 92 jáde, èyí tí ó to oríṣiríṣi ògiri, òpó àti àjà sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí wákàtí tí wọ́n lè fara da iná.

Ní ọdún 1965, T. Z. Harmathy ti National Research Council ní Kánádà ko òfin mẹ́wàá jọ lórí bí ìfaradà iná ṣe ń pọ̀ sí i tàbí dín kù. Ní ọdún 1997 ni ACI 216.1 kọ́kọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí òṣùwọ̀n tí òfin lè tọ́ka sí.

## Ìdánwò inú ìléru

Gbogbo ìṣirò ìnípọn adọ́gba dá lórí ìdánwò gidi. Nínú ìdánwò E119, a ó mọ ògiri kan tí fífẹ̀ ojú rẹ̀ kò dín ní mítà onígun mẹ́rin 9.3, tí gígùn tàbí gíga rẹ̀ kò sì dín ní mítà 2.7. A ó gbé e sí ẹnu ìléru kí ojú rẹ̀ kan lè kọ sí iná, kí èkejì sì kọ sí ìta. Iná náà ní ètò tí ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé: ooru ìléru yóò dé 538°C ní ìṣẹ́jú 5, 843°C ní ìṣẹ́jú 30, 927°C ní wákàtí 1, 1,010°C ní wákàtí 2, àti 1,093°C ní wákàtí 4.

Ògiri náà yóò kùnà bí ọ̀kan nínú àwọn nǹkan wọ̀nyí bá ṣẹlẹ̀:

- Bí ooru ojú ẹ̀yìn rẹ̀, ìyẹn ojú tí kò kọ sí iná, bá fi 139°C ju bí ó ti wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lọ nígbà tí a bá pín in dọ́gba láàárín gbogbo ibi tí a ti wọ̀n ọ́n, tàbí bí ibì kan ṣoṣo bá fi 181°C jù ú lọ.
- Bí ọwọ́ iná tàbí gáàsì gbígbóná bá gba inú rẹ̀ kọjá tí ó sì mú kí òwú tí a gbé sí ẹ̀yìn rẹ̀ gbiná.
- Bí ó bá jẹ́ ògiri agbérù, tí kò sì lè gbé ẹrù tí a dì lé e mọ́.
- Bí omi tí a fi rọ́bà panápaná tú sí i lára pẹ̀lú agbára lẹ́yìn iná bá dá a lu tí omi sì kọjá sí òdì kejì.

Fún ògiri búlọ́ọ̀kù, ooru ẹ̀yìn ni ó sábà máa ń fòpin sí ìdánwò. Ògiri náà ṣì lè dúró ṣinṣin, kí ó má sì sán, ṣùgbọ́n bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti gbóná jù, ìwé, aṣọ tàbí igi tí ó fara tì í lè gbiná láìjẹ́ pé ọwọ́ iná kankan fojú kàn wọ́n. Ìdí nìyí tí ìnípọn fi jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí a ń wọ̀n.

## Ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú búlọ́ọ̀kù

Nígbà tí iná bá ń jó ojú kan, ooru yóò máa rìn díẹ̀díẹ̀ gba inú kọnkéré kọjá. Nǹkan mẹ́ta ni ó ń dá a dúró lọ́nà. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rinrin. Omi wà nínú àwọn ihò tíntìntín kọnkéré, omi mìíràn sì wà ní ìdàpọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì fúnra rẹ̀. Bí ooru bá ti dé 100°C, omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó, hihó náà yóò sì máa gba ooru mọ́ra, débi pé ojú ẹ̀yìn ògiri lè dúró sójú kan fún ìgbà díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná.

Èkejì ni irú òkúta inú àpòpọ̀. Òkúta fífúyẹ́ tí afẹ́fẹ́ wà nínú rẹ̀ kì í tètè gbé ooru kọjá. Òkúta ẹfun máa ń gba ooru púpọ̀ mọ́ra nígbà tí ó bá ń tú ká sí ẹfun jíjóná àti gáàsì. Òkúta oníyanrìn líle tí ó kún fún quartz ni ó rọ ooru lọ́rùn jù láti kọjá, quartz náà sì máa ń yí ìrísí rẹ̀ padà ní nǹkan bí 573°C, tí yóò wú, tí ó sì lè mú kí kọnkéré sán.

Ẹ̀kẹta ni bí kọnkéré tí ooru gbọ́dọ̀ là kọjá ti pọ̀ tó. Bí a bá sọ ìnípọn di ìlọ́po méjì, àkókò kì í di ìlọ́po méjì péré. Ìfaradà máa ń pọ̀ sí i gẹ́gẹ́ bí ìnípọn tí a gbé sí agbára 1.7, nítorí náà ìlọ́po méjì ìnípọn ń mú àkókò di nǹkan bí ìlọ́po 3.25.

## Bí a ṣe ń wọn búlọ́ọ̀kù

### Ìwọ̀n orúkọ àti ìwọ̀n gidi

Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń pè ní onínṣì mẹ́jọ ní Amẹ́ríkà kò pé ínṣì mẹ́jọ. Ìnípọn rẹ̀ gidi jẹ́ ínṣì 7 àti ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ, ìyẹn mìlímítà 194. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 397, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 194. Ìyókù tí ó sọ ọ́ di ínṣì 8 lórí ìwé ni àyè àpòpọ̀ sìmẹ́ǹtì tí ó ń so búlọ́ọ̀kù kan mọ́ èkejì. Ìwọ̀n gidi nìkan ni a ń lò nínú ìṣirò iná.

### Ìdí tí téèpù nìkan kò fi tó

Búlọ́ọ̀kù oníhò ní ojú méjì, ìyẹn pátákó kọnkéré ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, àti àwọn ìdábùú inú tí ó so ojú méjèèjì pọ̀. Irin inú ẹ̀rọ tí ó ń dá ihò náà máa ń tẹ́ẹ́rẹ́ sí apá kan kí ó lè rọrùn láti yọ. Nítorí náà ojú búlọ́ọ̀kù máa ń nípọn ní apá kan ju apá kejì lọ. Etí ihò lè rí róbótó, ìdábùú lè ní kọ́ńdọ́, orí búlọ́ọ̀kù sì lè ní ìkọ́ tàbí ihò kékeré. Ẹni tí ó bá fi téèpù wọn ẹnu ihò lápá kan ṣoṣo yóò ka kọnkéré pọ̀ jù tàbí kéré jù.

Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, a lè wọn gígùn àti fífẹ̀ ihò kọ̀ọ̀kan ní òkè àti ní ìsàlẹ̀, kí a pín wọn dọ́gba, kí a sì yọ ìwọ̀n àyè ihò kúrò nínú ti gbogbo búlọ́ọ̀kù. Èyí dára fún ìfojúdíwọ̀n, ṣùgbọ́n omi ni òṣùwọ̀n gbà.

### Wíwọ̀n nínú omi

ASTM C140 ni òṣùwọ̀n tí ó ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣe é. A ó mú búlọ́ọ̀kù tí kò dín ní mẹ́ta láti inú ọjà tí a fẹ́ yẹ̀ wò.

1. A ó wọn gígùn, ìnípọn àti gíga búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan níta, a ó sì fi irin ìwọ̀n ẹlẹ́nu méjì wọn ojú rẹ̀ níbi tí ó ti fẹ́lẹ́ jù.
2. A ó rì í sínú omi fún wákàtí 24 sí 28 kí omi lè wọ inú rẹ̀ tán.
3. A ó gbé e kọ́ sínú omi, tí kò ní kan ìsàlẹ̀, a ó sì ka ìwúwo rẹ̀ bí ó ti wà nínú omi.
4. A ó gbé e jáde, a ó jẹ́ kí ó ro fún ìṣẹ́jú kan, a ó fi aṣọ ọ̀rinrin nu omi ojú rẹ̀ kúrò, a ó sì wọn ìwúwo rẹ̀ níta.
5. A ó yọ ìwúwo inú omi kúrò nínú ìwúwo ìta. Kìlógírámù kọ̀ọ̀kan tí ó bá kù dúró fún lítà kan kọnkéré.

Ọ̀nà yìí gbára lé òtítọ́ pé ohunkóhun tí a bá rì sómi máa ń ti omi tí ó bá ìwọ̀n àyè rẹ̀ dọ́gba kúrò. Omi máa ń wọ gbogbo ihò ńlá, yálà wọ́n gún tàbí wọ́n wọ́, nítorí náà kò sí ohun tí ojú lè ṣì kà.

### Ìṣirò

Ìnípọn adọ́gba ni ìwọ̀n àyè kọnkéré tí a pín sí ìlọ́po gígùn àti gíga búlọ́ọ̀kù:

Te = Vn ÷ (L × H)

Te ni ìnípọn adọ́gba, Vn ni ìwọ̀n àyè kọnkéré láìka ihò, L ni gígùn, H sì ni gíga. Bí a bá ti mọ ìdá tí kọnkéré kó nínú gbogbo búlọ́ọ̀kù, a tún lè sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú ìnípọn gidi. Èsì kan náà ni yóò jáde.

## Àpẹẹrẹ

Ká ní búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́jọ kan wúwo tó kìlógírámù 17.50 níta lẹ́yìn tí omi ti wọ inú rẹ̀, tí ó sì wúwo tó 9.58 nínú omi. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 7.92, nítorí náà kọnkéré tí ó wà níbẹ̀ jẹ́ lítà 7.92, ìyẹn mìlímítà onígun mẹ́ta 7,920,000. Gígùn tí a sọ di púpọ̀ pẹ̀lú gíga, 397 × 194, fún wa ní 77,018. Bí a bá pín in, ìnípọn adọ́gba jẹ́ mìlímítà 102.8.

Búlọ́ọ̀kù tí ó nípọn tó mìlímítà 194 lójú kò ju mìlímítà 103 lọ lójú iná. Nǹkan bí ìdá 53 nínú 100 rẹ̀ ni kọnkéré, ihò ni ìyókù.

## Irú òkúta àti iye wákàtí

Ìnípọn adọ́gba nìkan kò tíì sọ iye wákàtí. A gbọ́dọ̀ fi í wé tábìlì gẹ́gẹ́ bí irú òkúta tí ó wà nínú àpòpọ̀. Tábìlì ìsàlẹ̀ yìí fi ìnípọn adọ́gba tí ó kéré jù hàn ní mìlímítà, bí ó ti wà nínú International Building Code àti ACI 216.1. A ṣí i padà láti inú ínṣì.

| Irú òkúta inú kọnkéré | Wákàtí 1 | Wákàtí 2 | Wákàtí 3 | Wákàtí 4 |
|---|---|---|---|---|
| Òkúta pumice tàbí ìdàrọ́ irin tí a mú wú | 53 | 81 | 102 | 119 |
| Amọ̀, shale tàbí slate tí a sun títí tí ó fi wú | 66 | 91 | 112 | 130 |
| Òkúta ẹfun, eérú èédú líle tàbí ìdàrọ́ irin tí kò wú | 69 | 102 | 127 | 150 |
| Òkúta wẹ́wẹ́ odò, yálà ti ẹfun tàbí ti quartz | 71 | 107 | 135 | 157 |

Òkúta pumice ni òkúta fífúyẹ́ oníhò wẹ́wẹ́ tí òkè oníná ń pọ̀ jáde. Ìdàrọ́ irin ni ìdọ̀tí líle tí ó ń ṣẹ́kù nígbà tí a bá yọ́ irin.

Bí a bá gbé búlọ́ọ̀kù àpẹẹrẹ òkè yìí, tí ìnípọn adọ́gba rẹ̀ jẹ́ 102.8, sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì, ìdáhùn rẹ̀ yóò yàtọ̀ láti òkúta dé òkúta. Bí a bá fi pumice ṣe é, ó tó wákàtí mẹ́ta. Bí ó bá jẹ́ amọ̀ tí a mú wú tàbí òkúta ẹfun, wákàtí méjì ni. Bí ó bá jẹ́ òkúta wẹ́wẹ́ odò, kò pé wákàtí méjì, nítorí pé mìlímítà 107 ni ó yẹ kí ó ní. Gígùn, gíga, ìnípọn àti ihò wọn rí bákan náà, òkúta nìkan ni ó yàtọ̀.

### Nígbà tí a bá da òkúta pọ̀

Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń da òkúta líle àti òkúta fífúyẹ́ pọ̀. Ní irú èyí, a ó sọ ìnípọn tí tábìlì béèrè fún òkúta kọ̀ọ̀kan di púpọ̀ pẹ̀lú ìdá tí ó kó nínú ìwọ̀n àyè gbogbo òkúta, a ó sì ro wọ́n pọ̀. Bí òkúta wẹ́wẹ́ odò bá jẹ́ ìdá 60 nínú 100, tí amọ̀ tí a mú wú sì jẹ́ ìdá 40, ohun tí a nílò fún wákàtí méjì ni 107 × 0.6 pẹ̀lú 91 × 0.4, ìyẹn mìlímítà 100.6. Búlọ́ọ̀kù oní-102.8 yóò yege níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì bá má yege bí òkúta odò nìkan bá ni wọ́n fi ṣe é.

## Dídí ihò inú ògiri

Bí a bá rọ kọnkéré olómi kún gbogbo ihò inú ògiri, ìnípọn gidi di ìnípọn adọ́gba. Búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́jọ yóò wá ní mìlímítà 194, èyí tí ó ju ohun tí wákàtí mẹ́rin béèrè lọ fún gbogbo irú òkúta inú tábìlì. Òṣùwọ̀n tún gba iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, ìdàrọ́, pumice, amọ̀ tí a mú wú, perlite àti vermiculite gẹ́gẹ́ bí ohun tí a lè dà kún ihò láti rí èrè kan náà, bí wọ́n bá ti bá òṣùwọ̀n tiwọn mu.

Àṣeyọrí yìí kò sí fún ògiri tí a dí ihò rẹ̀ lápá kan. Ní ibi tí a ti ń rọ kọnkéré sí ihò tí irin gba inú rẹ̀ kọjá nìkan, ihò tí ó ṣófo ni ooru yóò gbà. Nítorí náà búlọ́ọ̀kù tí a kò dí ni a ń fi ṣe ìṣirò fún gbogbo ògiri náà.

## Ògiri onípele méjì àti rírẹ́

Ògiri tí a mọ ní ìpele méjì máa ń fara da iná ju àròpọ̀ wákàtí ìpele kọ̀ọ̀kan lọ. Èyí bá òfin àkọ́kọ́ Harmathy mu. Ìlànà ìṣirò rẹ̀ ni:

R = (R1^0.59 + R2^0.59 + A)^1.7

R1 àti R2 ni wákàtí ìpele kọ̀ọ̀kan. A jẹ́ 0.3 bí àyè afẹ́fẹ́ bá wà láàárín wọn tí fífẹ̀ rẹ̀ wà láàárín mìlímítà 13 sí 89. Bí kò bá sí, A jẹ́ òdo. Ìpele méjì oní-wákàtí kan tí ó fara kanra yóò fún wa ní nǹkan bí wákàtí 3.25. Bí àyè afẹ́fẹ́ bá wà láàárín wọn, yóò tó nǹkan bí wákàtí 4.1.

Rírẹ́ ara ògiri náà ní ìdá tirẹ̀. Ohun tí a fi rẹ́ ojú tí iná yóò kọ lù ni a ń ka iye ìṣẹ́jú fún. Èyí tí ó wà ní ẹ̀yìn ni a ń fi kún ìnípọn. Síbẹ̀, òfin kò gbà kí rírẹ́ ru ẹrù tí ó yẹ kí búlọ́ọ̀kù rù. Búlọ́ọ̀kù fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ó kéré tán ìdajì wákàtí tí a béèrè.

## Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni kí a mú ìnípọn ìta gẹ́gẹ́ bí ìnípọn ìfaradà iná. Èkejì ni kí a lo tábìlì láìbéèrè irú òkúta lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe búlọ́ọ̀kù. Àwọ̀ tàbí ìwúwo rẹ̀ lè fúnni ní òye díẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé ẹ̀rí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é tàbí àyẹ̀wò ni ó dájú. Ẹ̀kẹta ni kí a pààrọ̀ búlọ́ọ̀kù lójú iṣẹ́ nítorí pé èkejì rí bákan náà, tí ó sì dínwó.

Ẹ̀kẹrin ni igi. Bí a bá ki orí igi àjà bọ inú ògiri, kọnkéré tí ó kù lẹ́yìn rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 93 nínú 100 ìnípọn tí tábìlì béèrè. Ẹ̀karùn-ún ni àwọn ihò tí a ń lu lẹ́yìn tí a mọ ògiri tán: ti páìpù omi, ti wáyà iná mànàmáná, ti ẹ̀rọ amúlétutù. Àwọn Yorùbá máa ń sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ èéfín àti gáàsì gbígbóná rí. Òfin béèrè pé kí a fi ohun tí a ti dán wò nínú iná dí irú ihò bẹ́ẹ̀, kí ilẹ̀kùn inú ògiri náà sì ní ìwọ̀n ìfaradà iná tirẹ̀.

## Ní Yúróòpù àti Nàìjíríà

Ní Yúróòpù, òṣùwọ̀n EN 1996-1-2 ni ó ń darí ọ̀rọ̀ ògiri búlọ́ọ̀kù àti bíríkì lábẹ́ iná. Dípò wákàtí, ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń fi lẹ́tà mẹ́ta sọ iṣẹ́ ògiri: R fún gbígbé ẹrù, E fún dídènà ọwọ́ iná àti gáàsì, I fún dídènà ooru. Ògiri tí a bá kọ REI 120 sí ń ṣe iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún ìṣẹ́jú 120. Ooru inú ìléru tiwọn ń tẹ̀ lé ètò ISO 834, tí ó máa ń dé nǹkan bí 945°C ní wákàtí kan.

Ní Nàìjíríà, búlọ́ọ̀kù tí ó wọ́pọ̀ jù ni èyí tí a fi iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì ṣe láìsí òkúta ńlá. Standards Organisation of Nigeria gbé òṣùwọ̀n NIS 87 jáde fún un. Àwọn bíríkìlà ń fi ínṣì pè é: onínṣì mẹ́sàn-án ni èyí tí ó jẹ́ mìlímítà 450 × 225 × 225, onínṣì mẹ́fà sì ni èyí tí ó jẹ́ 450 × 225 × 150. Ìmọ̀ ìwọ̀n ìnípọn adọ́gba bá àwọn náà mu nítorí pé wọ́n ní ihò. Bí ihò bá gba ìdajì búlọ́ọ̀kù onínṣì mẹ́sàn-án, ìnípọn adọ́gba rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 112.5, kì í ṣe 225. Ṣùgbọ́n a kò lè mú iye wákàtí inú tábìlì Amẹ́ríkà lò fún un bẹ́ẹ̀, nítorí pé kọnkéré olókúta ni a fi dán tábìlì náà wò, àpòpọ̀ iyanrìn àti sìmẹ́ǹtì sì yàtọ̀ sí i. Ìdánwò inú ìléru lórí búlọ́ọ̀kù náà gan-an ni ó lè sọ iye wákàtí tirẹ̀.

## Ibi tí ìlànà náà mọ

Ìnípọn adọ́gba dúró fún ìdènà ooru. Kò sọ bóyá ìpìlẹ̀ ògiri lágbára, bóyá ó ga jù fún ìnípọn rẹ̀, tàbí bóyá àjà tí ó so mọ́ ọn yóò fà á wó nígbà tí ó bá ń jóná. Wákàtí tí a kọ sórí ìwé náà kì í ṣe ìlérí nípa iná kan pàtó, nítorí pé iná inú ilé gidi lè le ju ti ìléru lọ tàbí kí ó rọ̀ jù ú lọ, gẹ́gẹ́ bí ẹrù inú yàrá àti afẹ́fẹ́ tí ó ń wọlé bá ti pọ̀ tó. Òṣùwọ̀n ìfiwéra ni, èyí tí ó ń jẹ́ kí a lè gbé ògiri kan sí ẹ̀gbẹ́ èkejì lórí ìwọ̀n kan náà, kí a sì yan èyí tí ó tó fún iṣẹ́ tí a fẹ́ kí ó ṣe.